Láti .pde dé .ino: Ìtàn Irinṣẹ́ Tó Pààrọ̀ Orúkọ

Ẹ wo àyíká yín dáadáa. Ínfátà tó ń pariwo nígbà tí NEPA bá mú iná lọ, mítà tí a ń tẹ nọ́ńbà sí kí iná tó dé, ẹ̀rọ POS tó wà lọ́wọ́ ọmọbìnrin abẹ́ agboòrùn, kọ̀ǹpútà kékeré wà nínú gbogbo wọn. Kọ̀ǹpútà yìí ò ní ojú ńlá bíi ti láptọ́ọ̀pù, iṣẹ́ tí wọ́n sì torí ẹ̀ gbé e síbẹ̀ nìkan ló mọ̀. Síbẹ̀, ẹnì kan ló jókòó kọ kóòdù tó ń darí rẹ̀. Ibi tí ẹni náà ti kọ kóòdù ọ̀hún, tó ti yẹ̀ ẹ́ wò, tó sì ti fi í ránṣẹ́ sínú ẹ̀rọ, ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní IDE. Ẹ jẹ́ ká kàn pè é ní ṣọ́ọ̀bù: ibi tí gbogbo irinṣẹ́ wà lórí tábìlì kan.

Nínú irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, ti Arduino ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kọ́kọ́ ń wọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá ní yunifásítì, àgbẹ̀ tó fẹ́ kí omi máa rin ọgbà òun fúnra rẹ̀, ọmọ ọdún méjìlá tó kàn fẹ́ kí iná kan máa ṣẹ́jú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .ino ni ohun tí wọ́n bá kọ níbẹ̀ ń dà. Kí ló dé tó fi jẹ́ .ino? Lẹ́tà mẹ́ta tó gbẹ̀yìn Arduino ni. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Títí di ọdún 2011, .pde ni, orúkọ ìdílé mìíràn sì ni lẹ́tà mẹ́ta yẹn gbé dání. Bí orúkọ yẹn ṣe kúrò la fẹ́ sọ, torí pé ibẹ̀ la ti lè rí ohun tí ẹ̀dà tuntun máa ń ṣe gan-an. Ẹ̀dà tuntun máa ń tún iṣẹ́ ṣe lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún máa ń pinnu ẹni tí a ó máa rántí.

Amẹ́ríkà ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2001, Casey Reas àti Ben Fry, tí wọ́n jọ wà ní MIT Media Lab, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ohun kan tí wọ́n pè ní Processing. Àwọn ayàwòrán àti oníṣẹ́ ọnà ni wọ́n ní lọ́kàn, àwọn tí kóòdù máa ń dẹ́rù bà. Ojú ewé funfun kan, bọ́tìnnì díẹ̀ lókè, àyè dúdú kékeré nísàlẹ̀ níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń fèsì: gbogbo ṣọ́ọ̀bù náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n pe ohun tí ènìyàn bá kọ síbẹ̀ ní sketch, bí ìlà àkọ́kọ́ tí ayàwòrán máa ń fi pẹ́ńsù fà sórí bébà kó tó mọ ohun tí àwòrán náà máa dà. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù yìí ni Processing Development Environment. Ẹ gé e kúrú, PDE ni.

Reas kọ́ni lẹ́yìn náà ní Ivrea, ìlú kékeré kan ní àríwá Ítálì. Ibẹ̀ ni ìlú Olivetti, ilé-iṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ táíparáítà. Ní ọdún 2001 kan náà ni wọ́n ṣí ilé-ẹ̀kọ́ kan síbẹ̀, Interaction Design Institute Ivrea. Àwọn tó ń kọ́ bí a ṣe ń ṣe nǹkan tí yóò máa bá ènìyàn ṣe pọ̀ ló kún ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe ẹnjiníà. Wàhálà wọn sì hàn kedere. Kí ènìyàn tó lè tan iná kékeré kan lára microcontroller nígbà náà, ó ní láti ka ìwé ńlá tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kọ, kó mọ àpótí wo nínú rẹ̀ ló yẹ kó fi oókan sí, èwo ló yẹ kó fi òdo sí. Ó sì tún ní láti ra ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ tí yóò fi gbé kóòdù wọ inú rẹ̀. Bọ́ọ̀dù BASIC Stamp tó rọrùn díẹ̀ wà lóòótọ́, àmọ́ owó rẹ̀ ga fún akẹ́kọ̀ọ́, agbára rẹ̀ ò sì tó nǹkan.

Hernando Barragán, akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Kòlóńbíà, ló gbé ìdáhùn wá. Ní ọdún 2003 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àṣekágbá máṣítà rẹ̀, Massimo Banzi àti Casey Reas sì ni alábòójútó rẹ̀. Wiring ni orúkọ tó fún iṣẹ́ náà. Ó mú ṣọ́ọ̀bù Processing, ó yí i kó lè máa bá bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀ dípò kó máa ya àwòrán. Nínú Processing, apá méjì ni sketch máa ń ní: setup, tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀, àti draw, tó ń ya àwòrán léraléra. Barragán fi setup sílẹ̀ bó ṣe wà, ó sọ draw di loop. Ó wá ṣe àwọn ọ̀rọ̀ àṣẹ tí ẹnikẹ́ni lè kà kó yé e. Ẹni tó bá fẹ́ tan iná ò ní láti mọ oókan àti òdo inú àpótí kankan mọ́. Á kàn kọ digitalWrite, á dárúkọ ẹsẹ̀ tí wáyà iná náà so mọ́, á ní kó ga. Ó parí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ kóòdù Arduino rí, ẹ ò rí i pé ẹ ti mọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́? Barragán lẹ ń sọ̀rọ̀ bíi tirẹ̀.

Ohun kan kù díẹ̀ káàtó. Ẹ̀rọ ATmega128 ni bọ́ọ̀dù Wiring lò, owó rẹ̀ sì ṣì ga. Ní ọdún 2005, Massimo Banzi pẹ̀lú David Mellis, akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà, àti David Cuartielles, mú Wiring, wọ́n jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ lórí ATmega8 tó dínwó gan-an. Wọn ò dúró sínú ilé Wiring lẹ́yìn èyí. Wọ́n ya ẹ̀ka tiwọn, wọ́n sì sọ ẹ̀ka náà ní Arduino. Tom Igoe àti Gianluca Martino dara pọ̀ mọ́ wọn. Orúkọ ilé ọtí kan ní Ivrea ni wọ́n mú, ilé ọtí náà fúnra rẹ̀ sì ń jẹ́ orúkọ Arduino, ọkùnrin ìlú náà tó di ọba Ítálì ní ọdún 1002 kí ọba Jámánì tó gba ìtẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ṣé olè ni wọ́n jà? Rárá o. Wiring ṣí sílẹ̀, bí Processing náà ṣe ṣí sílẹ̀: ẹnikẹ́ni ló lè mú kóòdù rẹ̀, kó tún un ṣe, kó sì pín in. Barragán fúnra rẹ̀ lo irú àǹfààní yẹn kó tó lè ṣe Wiring. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé ìwé àṣẹ lè gba ènìyàn láyè láti mú iṣẹ́ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kì í kọ́ ayé bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn iṣẹ́ náà. Àwọn ará Arduino kọ ọ́ síta pé orí Wiring àti Processing ni àwọn kọ́lé sí. Àmọ́ èèyàn mélòó ló ń ka ohun tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé? Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni a bá lábà ni baba. Arduino ni gbogbo ayé bá lábà.

Fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, nọ́ńbà ẹ̀dà ṣọ́ọ̀bù náà bẹ̀rẹ̀ láti 0001, ó ń gorí ara wọn díẹ̀díẹ̀ títí dé 0023. Ní ọdún 2010 wọ́n ṣe bọ́ọ̀dù tí wọ́n pè ní Uno, ìyẹn "oókan" ní èdè Ítálì, kí ayé lè mọ̀ pé ẹ̀dà 1.0 ń bọ̀. Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2011, 1.0 dé.

Ẹ̀dà yìí ló pààrọ̀ orúkọ. Àkọ́kọ́, .pde di .ino. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é mọ́gbọ́n wá. Ẹni tó bá ní Processing àti Arduino lórí kọ̀ǹpútà kan náà, tó bá tẹ fáìlì .pde, kọ̀ǹpútà ò mọ ṣọ́ọ̀bù tó yẹ kó ṣí. Èkejì, fáìlì kan wà tí gbogbo sketch máa ń gbára lé, tí ṣọ́ọ̀bù máa ń fi kún kóòdù fúnra rẹ̀ láìjẹ́ kí olóhun mọ̀. WProgram.h ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, W yẹn sì ni ti Wiring. Láti 1.0 lọ, ó di Arduino.h. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, orúkọ Processing kúrò lẹ́yìn fáìlì, orúkọ Wiring kúrò lórí rẹ̀.

Ẹni tó ń kọ sketch lásán lè má tiẹ̀ fura. Ṣọ́ọ̀bù tuntun ṣì ń ṣí .pde, ó sì ń sọ ọ́ di .ino tí èèyàn bá fẹ́ fi í pamọ́. Àwọn tó ń kọ láíbìrì, ìyẹn kóòdù tí àwọn ẹlòmíràn ń yá lò, ni ìyà jẹ. Láíbìrì gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ dárúkọ fáìlì tó gbára lé, WProgram.h ni gbogbo wọn sì ń pè. Lọ́jọ́ kejì, ẹni tí wọ́n ń pè ò sí nílé mọ́. Láíbìrì tó ṣiṣẹ́ lánàá wá ń pọ kóòdù pupa.

Kò tán síbẹ̀. Nínú láíbìrì Wire, send di write, receive di read. Ẹni tó ń kọ Serial.print pẹ̀lú BYTE ní láti lọ kọ Serial.write. Ẹ ẹ́ rí i pé ó rọrùn láti tún èyí ṣe, torí pé ṣọ́ọ̀bù á pariwo, á sì fi ibi tí ọ̀rọ̀ wà hàn yín. Èyí tó léwu jù ni Serial.flush. Kó tó di 1.0, ohun tó ń ṣe ni pé ó ń da ọ̀rọ̀ tó wọlé tí a ò tíì kà nù. Láti 1.0 lọ, ó ń dúró kí ọ̀rọ̀ tó ń jáde lọ tán. Ọ̀rọ̀ kan náà, ìtumọ̀ mìíràn. Ṣọ́ọ̀bù ò ní pariwo, kóòdù á wọlé wẹ́rẹ́, ẹ̀rọ á sì máa ṣe nǹkan tí olóhun ò rán an.

Àwọn tó ń kọ láíbìrì wá ọgbọ́n dá. Wọ́n kọ ìlà márùn-ún yìí sí iwájú iṣẹ́ wọn:

#if ARDUINO >= 100
#include "Arduino.h"
#else
#include "WProgram.h"
#endif

Ohun tó ń sọ ni pé: bí ṣọ́ọ̀bù yìí bá ti dé 1.0, pe Arduino. Bí kò bá tíì dé ibẹ̀, pe Wiring. Ìlà yìí tàn kálẹ̀ láti láíbìrì kan sí òmíràn. Tí ẹ bá ṣí láíbìrì àtijọ́ kan lónìí, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá a níbẹ̀. Àwọn tó kọ ọ́ ò ronú nípa ìtàn rárá; wọ́n kàn fẹ́ kí iṣẹ́ wọn máa ṣiṣẹ́ fún tọmọdé tàgbà. Síbẹ̀, àwọn ló jẹ́ kí W yẹn ṣẹ́kù.

Orúkọ ò pẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn tó ni ín. Ní ìparí ọdún 2014, Smart Projects, ilé-iṣẹ́ Gianluca Martino tó ń ṣe bọ́ọ̀dù ní Ítálì, yí orúkọ rẹ̀ padà sí Arduino Srl. Arduino LLC, ilé-iṣẹ́ tí àwọn olùdásílẹ̀ Arduino dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ta ló ni orúkọ? Ọ̀rọ̀ dé ilé-ẹjọ́ ní ọdún 2015. Ojúlé méjì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan parí sí .cc, èkejì parí sí .org, ṣọ́ọ̀bù méjì sì wà tí wọ́n ń jẹ́ Arduino IDE. Nígbà tí .cc wà ní 1.6, .org gbé 1.7 jáde. Ẹ fi ara yín sí ipò ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ṣebí nọ́ńbà tó ga jù ló yẹ kó jẹ́ èyí tó tuntun jù? Àmọ́ ẹ̀ka mìíràn ni 1.7 yẹn ti yọ. Àwọn tó mọ̀dí ọ̀rọ̀ nìkan ló lè sọ ìyàtọ̀.

Àárín ìjà yìí ni Barragán sọ̀rọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, ó gbé àkọsílẹ̀ gígùn kan jáde, The Untold History of Arduino, níbi tó ti to bí Wiring ṣe bẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ohun tí òun ṣe, àti bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn náà bíi pé Arduino ló bí ara rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, ìhà méjì tó ń jà kéde ní New York pé àwọn ti parí ìjà, nígbà tó sì di ìparí ọdún, ẹ̀dà 1.8.0 jáde, ó tún kó bọ́ọ̀dù ìhà méjèèjì pọ̀ sínú ṣọ́ọ̀bù kan. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ kíyè sí i pé àwọn tó ń du orúkọ Arduino ni wọ́n parí ìjà fún. Ọkùnrin Wiring kò sí nínú ẹjọ́ yẹn, kò sì sí nínú ìparí ìjà náà.

A ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìtàn àbùkù nìkan ni èyí o. Ní ọdún 2015 yẹn kan náà, ẹ̀ka 1.6 ṣí ilẹ̀kùn ńlá kan: ẹnikẹ́ni tó bá ṣe bọ́ọ̀dù tirẹ̀ lè kọ àdírẹ́sì kan síta, kí ẹni tó bá fẹ́ fi àdírẹ́sì náà sínú ṣọ́ọ̀bù, kí gbogbo ohun tí bọ́ọ̀dù náà nílò sì wọlé fúnra rẹ̀. Báyìí ni ESP8266 láti ọwọ́ Espressif ní Shanghai ṣe wọ inú Arduino, bọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú tó ní Wi-Fi nínú. Àwọn tó ti mọ digitalWrite lórí Uno kàn kọ digitalWrite lórí rẹ̀, ó ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ní Ivrea fún ẹ̀rọ kan wá ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tí kò tíì sí láyé nígbà tó ń kọ ọ́. Àyè tó jẹ́ kí Arduino lè mú Wiring náà ló jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe. A ò lè gba ọ̀kan ká kọ èkejì.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ẹ̀dà 2.0 jáde. Ṣọ́ọ̀bù mìíràn pátápátá ni wọ́n kọ́ lọ́tẹ̀ yìí, orí Eclipse Theia ni wọ́n sì kọ́ ọ sí. Ó ń bá èèyàn parí ọ̀rọ̀ tó bá bẹ̀rẹ̀, ó ń fa ìlà sábẹ́ àṣìṣe kí èèyàn tó ránṣẹ́, ó sì jẹ́ kí àwọn bọ́ọ̀dù kan ṣeé dá dúró lágbedeméjì iṣẹ́ ká lè wo ohun tó ń lọ nínú wọn. Ẹni tó ti wá àmì semicolon kan fún wákàtí méjì rí á mọ̀ pé ìtura ni.

Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èdè Java ni wọ́n fi kọ ṣọ́ọ̀bù àtijọ́, àwọn èèyàn sì ti kọ oríṣiríṣi irinṣẹ́ kéékèèké kún un ní Java, irú èyí tó ń fi fáìlì ránṣẹ́ sínú ESP32. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó ṣiṣẹ́ nínú 2.0, àfi kí àwọn ẹlòmíràn tún wọn kọ. Láptọ́ọ̀pù 32-bit ò lè gbé e rárá. Ẹni tó bá ń lo èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ní láti dúró sórí 1.8.19, tó jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2021. Àti pé fún àwa tí a ń fi owó ra dátà, ọ̀rọ̀ "mú un dójú ìwọ̀n" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán: ọgọ́rọ̀ọ̀rún MB ni àkójọ bọ́ọ̀dù ESP32 nìkan ń jẹ.

Ohun mìíràn tún lọ lọ́dún yẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò kíyè sí. Títí dé 1.8.19, ẹni tó bá ṣí kóòdù ṣọ́ọ̀bù náà fúnra rẹ̀ á bá fódà kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ processing/app. Iṣẹ́ Reas àti Fry ni, tí wọ́n ti tún ṣe títí, àmọ́ tí orúkọ ilé ṣì wà lórí rẹ̀. Kò sí i nínú 2.0 mọ́. Ní 2011 wọ́n yọ orúkọ Processing lẹ́yìn fáìlì. Ní 2022, ilé tí Processing kọ́ gan-an ni wọ́n kó kúrò nínú rẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, Qualcomm, ilé-iṣẹ́ ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń ṣe ẹ̀rọ inú fóònù, kéde pé òun fẹ́ ra Arduino. Bọ́ọ̀dù tuntun kan, UNO Q, àti ṣọ́ọ̀bù tuntun tó ń jẹ́ App Lab bá ìkéde náà jáde. Ẹlòmíràn tún ti fẹ́ di baba lábà nìyẹn.

Wọ́n máa ń sọ pé odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Odò yìí ò gbẹ o. Ó ń ṣàn lọ, ó tún ń fẹ̀ sí i, torí pé ìwé àṣẹ ló ń bomi sí i, kì í ṣe ìrántí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìrántí di iṣẹ́ tiwa. Bí a bá dúró kí ìnira mú wọn rántí, kò sí ìnira kankan tó ń bọ̀.

Ibi tí a ti máa bẹ̀rẹ̀ ò jìnnà. Bí Arduino bá wà lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ wá fódà tí wọ́n ń kó kóòdù bọ́ọ̀dù AVR sí, ẹ wọ inú cores, ẹ wọ inú arduino. Ẹ ó bá wiring.c níbẹ̀, ẹ ó bá wiring_analog.c, ẹ ó sì bá wiring_digital.c. Inú èyí tó kẹ́yìn yìí ni digitalWrite ń gbé. Orúkọ náà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí iṣẹ́ ti ń lọ gan-an.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì yá kóòdù ẹnì kan fún iṣẹ́ àṣekágbá yín, ẹ kọ orúkọ ẹni náà sókè sketch yín. Àmì // méjèèjì yẹn àti ìlà kan péré ló ń ná ni. Kò gba dátà rárá.